Ìtumọ̀ Fíóòlù Bàbá Ọláídé

Bí ẹ bá fẹ́ tètè jẹun nílé Gbádégẹṣin, ẹ má bi í ní ìtumọ̀ ohunkóhun. Ọkùnrin náà fẹ́ràn gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ju ẹran inú ọbẹ̀ lọ. Ẹ ní kí ó bá yín mú àlùbọ́sà wá, yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àlùbọ́sà lọ́wọ́, yóò máa sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá wá, tí ó gba ọ̀dọ̀ Hausa kọjá, kí ó tó dé ẹnu wa. Epo á máa jóná lórí iná. Ìyàwó rẹ̀ á jáde, á gba àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì padà sí kíṣìnì.

Èmi Mọ̀ríámọ̀, ìyá Ameenah, ni mò ń sọ ìtàn yìí. Ilẹ̀kùn mi kọjú sí ilẹ̀kùn wọn ní Adelphi, ní Maryland, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú rẹ̀, "Bàbá Ọláídé" ni mò ń pè é, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, torí ó jù mí lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n máa kúnlẹ̀ nínú ìtàn, a ò ní dé ibi tí à ń lọ. Mùsùlùmí ni mí, onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò kàn mí, àmọ́ ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn ẹlòmíràn, díẹ̀ ni ohun tí kò ní kàn án. Inú ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi títí di òní.

Suitland ni Gbádégẹṣin ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń ka iye ènìyàn. Ìdájí ló ń wọ Beltway, títì ńlá tó yí Washington ká, kí ọkọ̀ tó di. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ó kọ́ nìyẹn. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Uppsala ní ilẹ̀ Swídìn, ó lọ kọ́ nípa igi igbó, ó sì gbọ́ èdè wọn yanjú. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó bi í nípa igi. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, ló bá kọ́ iṣẹ́ kọ̀m̀pútà, ó wọṣẹ́ ìjọba. Ohun kan ṣoṣo tí ó mú ti Swídìn bọ̀ tí ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni fíóòlù.

Fíóòlù ni àwọn ará Swídìn ń pe fayolíìnì, òun náà sì ni gbogbo wa ń pè é nílé wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n, gòjé òyìnbó, tí wọ́n ń gbé sábẹ́ àgbọ̀n, tí wọ́n ń fi ọ̀pá onírun ẹṣin fà. Ìyá onílé rẹ̀ ní Uppsala, opó kan tí ń jẹ́ Birgit, ló fún un nígbà tí ó ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ó pupa rúsúrúsú, ibì kan ti ha lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọláídé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, orí rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á. Lọ́jọ́ Sunday, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bàbá á gbé e jáde, á ta orin ìyìn kan tàbí méjì, èmi náà á sì ṣílẹ̀kùn mi díẹ̀ kí n lè gbọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má tan yín.

Bí àlejò bá wà nílé, ìyẹn ni wàhálà. "Fiol," á ní, "ọ̀dọ̀ viola ló ti wá. Viola, ọ̀dọ̀ vitula, ní èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Vitula wá ńkọ́? Òrìṣà ayọ̀ ni! Obìnrin ni! Bí àwọn ará Róòmù bá ṣẹ́gun, òun ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Inú rẹ̀ á máa dùn bí ọmọ kékeré. Lẹ́yìn náà, á gbé ìka sókè: "Ṣùgbọ́n o! Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò. Àwọn kan ní kì í ṣe òrìṣà, pé ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa yọ̀ ni. Àwọn mìíràn ní àwọn kò tilẹ̀ mọ̀." Kí ó tó dé ibẹ̀, àwọn àlejò ti padà sídìí ìrẹsì wọn. Òrìṣà ni gbogbo wọn ń gbé lọ sílé. "Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò" kò rí ẹni tí yóò gbé e.

Oyèníkẹ́, ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó máa ń fi àṣà yìí ṣe ọkọ rẹ̀ ní yẹ̀yẹ́, síbẹ̀ orí rẹ̀ ló gbé ọkàn lé. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì a máa dán an wò: "Ìyá Ọláídé, ta ló ń fi irú nǹkan olówó ńlá báyẹn ta àlejò lọ́rẹ lásán? Ṣé ẹ mọ ọjọ́ orí opó yẹn ṣá?" Oyèníkẹ́ á bú sẹ́rìn-ín. Èsì kan náà ló máa ń fún wọn, etí mi gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà: "Ọkùnrin tí kò lè purọ́ lórí ọ̀rọ̀ Róòmù tí kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé orí obìnrin ló ti máa wá purọ́ fún mi?" Ohun tí ó fi mọ̀ pé olóòótọ́ ni ọkọ òun nìyẹn, kò sì wá òmíràn.

Ọláídé fẹ́ Jesse, wọ́n ń gbé ní Bowie. Oyún bàjẹ́ lára rẹ̀. Ó tún lóyún, ó tún bàjẹ́. Ní ọdún 2007, nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó lóyún mìíràn, dókítà sì ní kí ó dùbúlẹ̀, kí ó má ṣe wàhálà kankan. Ìyá rẹ̀ kò rí oorun sùn mọ́. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ láìbọ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí sítíárìn. Mo lọ kan gíláàsì ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Mọ̀ríámọ̀, ẹ̀rù ń bà mí láti wọlé kí fóònù má lọ dún."

Ìgbà yẹn ni Mummy Ọmọ́kẹ́mi wọ ọ̀rọ̀ náà. Òun ni olórí àwọn aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Langley Park, nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ta àga tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí n tó bú u. Iṣẹ́ apòògùn ló ń ṣe, ó mọ̀wé, ó sì fi omi nìkan gbààwẹ̀ fún Ọláídé bí ẹni pé òun ló bí i. Ó kàn bi ìyá ní ìbéèrè kan ni: "Kí ló wà nílé yín tó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Bàbá Oyèníkẹ́ fúnra rẹ̀, Fádípẹ̀ ni wọ́n bí i, Olúdípẹ̀ ló kú. Àìmọye ìdílé tí mo mọ̀ ní Maryland níbí, bí ẹ bá fi èékánná họ "Olú" tó wà níwájú orúkọ wọn díẹ̀, ẹ ó bá "Fá" tàbí "Ògún" nísàlẹ̀. Àwa Mùsùlùmí náà ń ṣe é. Orúkọ ń ro ọmọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, a sì gbà á gbọ́ ju bí a ṣe ń jẹ́wọ́ lọ. Oyèníkẹ́ wo gbogbo ilé. Kò sí ère, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ló bá rántí fíóòlù tí ọmọ rẹ̀ gbé sábẹ́ àgbọ̀n dàgbà, tí ọkọ rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lójú gbogbo ayé pé òrìṣà obìnrin ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n wá, Mummy Ọmọ́kẹ́mi àti obìnrin méjì. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo bá Oyèníkẹ́ gé létí ni mo gbé lọ fún un. Ó ní kí n jókòó. Mo sì jókòó, ta ló máa lé mi?

"Ẹ káàsán, sà," Mummy Ọmọ́kẹ́mi kúnlẹ̀ dáadáa. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìjà la bá wá. Fíóòlù yín yẹn, ṣé òótọ́ ni pé orúkọ òrìṣà ló ń jẹ́?"

Gbádégẹṣin gbéra nínú àga. Láti ọjọ́ tí ó ti dé Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó fi ẹnu ara rẹ̀ bi í rí. Òun ló máa ń fi tipátipá sọ ọ́ fún wọn. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ti bá viola dé Róòmù kí ó tó ṣàkíyèsí pé ìyàwó rẹ̀ ń sunkún.

"Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò," ó yára sọ.

"Sà, ẹ̀mí òkùnkùn ò ní dúró de àwọn onímọ̀. A fẹ́ gbé e lọ sun ni, sà, kí ọmọ yín lè gbé oyún yìí délẹ̀."

"Sun kí ni?"

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín wa. "Ọjọ́ wo lẹ máa ń ṣe àdúrà yín?"

"Thursday, sà."

"Thor ló ni Thursday! Òrìṣà àrá ni, Ṣàngó àwọn ará Swídìn. Torsdag ni àwọn ń pè é. Ọjọ́ Ṣàngó lẹ fi ń ké pe Jésù láti ọjọ́ yìí. Ẹ lọ sun Thursday náà!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Èmi nìkan ni mo rín in.

"Sà, Thursday ò gbé nínú ilé yín," Mummy Ọmọ́kẹ́mi ní. "Ọláídé ò gbé Thursday sáyà dàgbà."

Èsì gidi ni, kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́. Gbádégẹṣin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tí àna mi kúrò ní Fádípẹ̀, ṣé wọ́n sun ún? Orúkọ ni wọ́n yí. Ẹ jẹ́ kí a yí orúkọ tirẹ̀ náà. Ẹ gbàdúrà sí i, ẹ máa pè é ní Ayọ̀."

"Ènìyàn ni àna yín, sà. Ó ronú pìwà dà. Igi kì í ronú pìwà dà."

Oyèníkẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gbé fóònù, ó pe Bowie, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn Ọláídé rẹlẹ̀. "Daddy, Mommy told me. I don't care what it means. Ẹ jọ̀ọ́, Daddy, I just want this baby. I'm scared."

Mi ò tíì rí ojú ọkùnrin tó yí padà báyẹn. Ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí i bó ṣe ń wá ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ fi máa sinmi tí fíóòlù ò sì ní jóná. Ó rí i. Èèyàn tí kò purọ́ rí kì í mọ iye tí irọ́ ń ná èèyàn.

"Ọláídé, gbọ́ mi. Kò sí òrìṣà kankan. Mo hùmọ̀ rẹ̀ ni, kí àlejò lè máa rẹ́rìn-ín. Igi ni ìtumọ̀ fiol ní Swídìn. Igi lásán."

"For real, Daddy?"

"For real. Bàbá rẹ ló ń sọ fún ọ."

Ọmọbìnrin náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn aládùúrà pariwo halelúyà. "Áà, sà, ẹ mà dá wa lágara o!" Mummy Ọmọ́kẹ́mi ń nu ojú, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n mu júùsì, wọ́n dìde. Fíóòlù bọ́ lọ́wọ́ iná. Gbádégẹṣin wojú mi bí wọ́n ṣe ń jáde, mo sì tẹrí ba, torí èmi ti gbọ́ ìtàn Róòmù yẹn pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń hùmọ̀ ohun tí ó ní "àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò" nínú.

Oyèníkẹ́ kò ṣe halelúyà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

"Bàbá Ọláídé, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín lẹ ti ń sọ̀rọ̀ òrìṣà yẹn. Irọ́ ni?"

Àwọn obìnrin náà ṣì wà lórí àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí. "Irọ́ ni," ó ní.

"Ó dáa." Ó gbé ife kalẹ̀. "Birgit wá ńkọ́? Ṣé arúgbó ni lóòótọ́?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Gbádégẹṣin dúró títí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin náà fi dákẹ́ nísàlẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí òun ti ń sọ nípa òrìṣà yẹn tẹ́lẹ̀, pé òní nìkan lòun purọ́, pé torí ọmọ ni, torí ohùn tó gbọ́ lórí fóònù yẹn. Ó ní arúgbó ni Birgit, pé gbogbo eyín rẹ̀ ti ká nígbà náà, pé bí ìyá ló ṣe ṣe sí òun ní ilẹ̀ olótùútù tí òun kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Oyèníkẹ́ gbọ́ ọ tán. "Ẹ sọ fún ọmọ yín pé, 'Bàbá rẹ ló ń sọ fún ọ.' Ojú yín ò ṣẹ́ rárá." Ó ń wò ó bí àlejò. "Mi ò mọ̀ pé ẹ lè ṣe é."

Mo gbé ara mi kúrò níbẹ̀.

Wọn ò jà. Ká ní wọ́n jà ni, ǹ bá ti wọlé lọ là wọ́n, èmi kì í bẹ̀rù ìjà. Oyèníkẹ́ ń se oúnjẹ rẹ̀ fún un, ó ń lọ aṣọ rẹ̀, ó ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ rẹ̀ bá sọ pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló dá òun dúró lórí Beltway, á wojú rẹ̀ díẹ̀ kó tó ní ẹ pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin náà wá ẹlẹ́rìí kiri. Birgit ti kú tipẹ́, kò bímọ. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé ní Uppsala ti fọ́n ká, èyí tí ó sì rí lórí fóònù ní Ìbàdàn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gbádé, ní ọjọ́ ogbó yìí? Kí ni kí n sọ fún ìyàwó ẹ?" Irú ẹ̀rín yẹn kò ran ẹjọ́ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń ṣílẹ̀kùn mi díẹ̀, ilé wọn á dákẹ́ lọ.

Ìgbà ooru dé, ikùn Ọláídé ti yọ. Mo wà lójú fèrèsé mi ní ọ̀sán Sátidé kan, mo rí Gbádégẹṣin nísàlẹ̀, nídìí ààrò onírin tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí àwọn ará El Salvador ti máa ń sun adìyẹ. Ọkùnrin kan ń yí adìyẹ tirẹ̀ lọ́wọ́. Gbádégẹṣin bá a sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà kó adìyẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wò ó. Ìgbà tí mo rí i pé fíóòlù ló wà lọ́wọ́ Gbádégẹṣin, mi ò dúró wọ bàtà.

"Bàbá Ọláídé! Kí lẹ ń ṣe?"

"Ìyá Ọláídé rò pé fíóòlù ni mo fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lè tan òun jẹ," ó ní. "Jẹ́ kí ó rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú ẹ̀!"

Ó gbé e lé iná. Ọ̀dà ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbaná, ó ń rùn gan-an. Lẹ́yìn náà ni okùn rẹ̀ ń já. Ọkùnrin àgbà náà ń sunkún láìbojú. Mo sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Inú ń bí mi sí Gbádégẹṣin, inú ń bí mi sí ìyàwó rẹ̀, inú ń bí mi sí Mummy Ọmọ́kẹ́mi tó wà nílé ara rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan.

Ìdí ààrò náà ni Oyèníkẹ́ bá wa nígbà tí ó ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo iná náà pẹ́.

"Ṣé torí ọmọ mi lo ṣe sun ún," ó bi í, "àbí kí ohun tí obìnrin yẹn fún ọ má bàa wà níwájú mi mọ́?"

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ó sọ "o" sí ọkọ rẹ̀. Gbádégẹṣin la ẹnu. Ọkùnrin tó lè fi wákàtí kan sọ ìtàn àlùbọ́sà, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Ọláídé bí ọmọbìnrin nígbà tí ewé ń rẹ̀, ara ọmọ le, ara ìyá le, alihamdulilahi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mummy Ọmọ́kẹ́mi gbọ́ pé fíóòlù ti jóná, ó sì jẹ́rìí lórí pẹpẹ pé òrìṣà ni nítòótọ́, pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló fi bàbá náà sínú ìdààmú títí ó fi fọwọ́ ara rẹ̀ sun ún. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún Gbádégẹṣin. Wọ́n ní ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Èmi àti Oyèníkẹ́ la jọ lọ wo ọmọ ní Bowie. Nígbà tí à ń bọ̀, òun ló ń wa ọkọ̀, mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́.

"Ìyá Ọláídé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ yín ò ní obìnrin kankan ní Swídìn."

"Mo mọ̀," ó ní.

"Kí ló wá dé?"

"Àràárọ̀ ni mo ń sọ fún ara mi pé mo mọ̀, Mọ̀ríámọ̀. Tẹ́lẹ̀, kò sí ìdí tí mo fi ní láti sọ ọ́ fún ara mi."